Bọ́gì tí káìtì ń fà: ibo ni ojú jíjó yín ti gbọ́dọ̀ dá yín lójú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin fúnra mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo ẹlẹ́tíródù (ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ bí a bá ń jó irin). Mo fẹ́ ṣe bọ́gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí káìtì ńlá (aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò, tí a ń fi okùn dì mú) á máa fà lórí iyanrìn. Mo ní páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò, fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, àti táyà bárò mẹ́ta. Ṣé mo lè fi nǹkan wọ̀nyí ṣe é? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá ibi tí mo bá jó á lè gbà mí dúró."

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó gé irin. Ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ náà sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irin jíjó, nítorí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ṣéènì, kò sì ní bíréèkì. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, méjì kò gbọdọ̀ wọ inú bọ́gì yìí rárá, ẹ̀kẹta sì nílò àtúnṣe. Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, mi ò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù. Mo fẹ́ fi ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà yín hàn yín, kí ẹ lè kó gbogbo àkíyèsí yín síbẹ̀.

Káìtì tó ń fa ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1826, olùkọ́ ilé ìwé kan ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Pocock, gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tí káìtì ń fà dípò ẹṣin. Iye ẹṣin ni àwọn agbowó ojú ọ̀nà ìgbà náà ń kà kí wọ́n tó sọ iye tí ènìyàn máa san, wọn ò sì rí ẹṣin kankan kà lára ọkọ̀ tirẹ̀. Peter Lynn, ará New Zealand, ló wá sọ ọ́ di bọ́gì kékeré onítáyà mẹ́ta tí a mọ̀ lónìí, ní nǹkan bí ọdún 1990. Ènìyàn á jókòó nísàlẹ̀, á na ẹsẹ̀ síwájú, á máa fi ẹsẹ̀ darí táyà iwájú, ọwọ́ méjèèjì á sì ṣẹ́ ku fún káìtì. Irú rẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe bọ́gì fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í rò ni pé bọ́gì yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ pátápátá. Bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ yà, òun àti kẹ̀kẹ́ á jọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń yà sí, gbogbo agbára á sì gba àárín rímù lọ sí ilẹ̀ tààrà. Bọ́gì kì í tẹ̀. Ó jókòó gbagidi lórí táyà mẹ́ta, káìtì ń fà á láti ẹ̀gbẹ́, táyà sì ń di ilẹ̀ mú kó má bàa yọ̀ lọ. Láàárín káìtì tó ń fà àti ilẹ̀ tó kọ̀, irin yín ló wà níbẹ̀. Fífà láti ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń ba bọ́gì jẹ́ ju ìwúwo ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ká ní ẹ̀yin àti bọ́gì jọ wọn 100 kg, kí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan sì gbé 40 kg nínú rẹ̀. Bí táyà bá kó sí gegele, ó lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, 120 kg. Táyà yẹn jìnnà tó 12 cm sí ibi tí irin bọ́gì ti di ọ̀pá tó gba ìdí táyà náà mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fífà ẹ̀gbẹ́ kún un: ká ní 40 kg, tó ń ti ìsàlẹ̀ táyà, tí ìsàlẹ̀ táyà sì jẹ́ 20 cm sí àárín ọ̀pá. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ọ̀pá irin lásán tó jẹ́ 20 mm á tẹ̀, kò sì ní padà sípò. Ọ̀pá 25 mm á gbé e, agbára á ṣì ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Ìdí ni pé agbára tí ọ̀pá róbótó fi ń kọ̀ láti tẹ̀ máa ń pọ̀ bí ẹ bá ti sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́ta: 25 lọ́nà 25 lọ́nà 25 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 20 lọ́nà 20 lọ́nà 20. Mìlímítà márùn-ún péré ló dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí ẹ ní nílé.

Fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára tó ń bọ̀ láti iwájú àti láti òkè ni wọ́n sì ṣe é fún. Mo lo irú rẹ̀ nínú bọ́gì mi àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo gùn ún, mo yà lójijì, ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kan tẹ̀ wọlé, ó gbá táyà mú, bọ́gì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, káìtì sì fà mí kúrò lórí àga lọ sórí iyanrìn. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe fọ́ọ̀kì fúnra mi, mo sì rọ ẹ̀yin náà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò ni èkejì. Iná ìjórin ń sọ síńkì di èéfín funfun. Ẹni tó bá fà á símú lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìmọ nǹkan kan. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, orí á máa fọ́ ọ, ara á máa gbóná, ẹnu á sì máa ta bí ẹni tó lá irin. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi gíríńdà há síńkì náà kúrò. Ẹ lè há ti òde. Ta ni yóò há ti inú páìpù? Yàtọ̀ sí ìlera yín, síńkì tó bá dà wọ inú ojú jíjó (ibi tí ẹ ti jó irin méjì pọ̀) ń mú kó kún fún ihò wẹ́wẹ́, ó sì lè mú kó sán. Ẹ ra páìpù irin dúdú lásán, 32 mm ní ìbú òde, kí irin rẹ̀ sì nípọn tó 3 mm. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 1.5 mm fún yín torí pé ó fúyẹ́. Irin fẹ́lẹ́ ló máa ń dá jórinjórin tuntun lágara: kó tó gbóná tó láti dàpọ̀, ó ti lu jáde. Bọ́gì tó fi kìlógíráàmù díẹ̀ wúwo sí i kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwúwo náà tiẹ̀ ń ran táyà lọ́wọ́ láti di ilẹ̀ mú.

Táyà bárò ni ó kù. Èyí tí wọ́n kọ 4.00-8 sí lára dára. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 40 cm, ó fẹ̀ tó 10 cm, kò sì tètè rì sínú iyanrìn. Ẹ kàn rí i dájú pé irin ni rímù rẹ̀, kì í ṣe oníke. Àtúnṣe tó nílò wà nínú ìdí rẹ̀. Bíárìn tó máa ń bá ọ̀pọ̀ táyà bárò wá kò mọ nǹkan kan nípa agbára ẹ̀gbẹ́. Òmíràn kì í tiẹ̀ ṣe bíárìn, páìpù kékeré kan ni wọ́n tì síbẹ̀. Ẹ fi bíárìn oníbọ́ọ̀lù tó ní ìdérí rọ́bà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rọ́pò rẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6205 ní ihò 25 mm, ó sì bá ọ̀pá yín mu. Ìbú òde rẹ̀ jẹ́ 52 mm. Bí ìdí rímù yín kò bá gbà á, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń yí irin lè ṣe ìdí tuntun fún yín. Ẹ má gbàgbé páìpù kékeré tó gbọ́dọ̀ wà láàárín bíárìn méjèèjì. Láìsí i, bí ẹ bá ti ń mú nọ́ọ̀tì le ni ẹ ń tẹ bíárìn méjèèjì pa mọ́ ara wọn, wọn ò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Kí ẹ tó gé páìpù kankan, ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ na ẹsẹ̀ yín tán, kí ẹ wá ká orúnkún díẹ̀. Kí ẹlòmíràn fi ẹfun sàmì sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín dé. Àmì yẹn ló sọ ibi tí ìtẹ̀sẹ̀ ara fọ́ọ̀kì máa wà, òun ló sì sọ bí bọ́gì yín ṣe máa gùn tó. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, láti àárín táyà iwájú dé ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń wà láàárín 1.1 mítà sí 1.2 mítà. Ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì jìnnà síra tó nǹkan bí 1.1 mítà, kí àga sì wà níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má ga ju ọ̀pá náà lọ. Bí ẹ bá jókòó ga, káìtì á dà yín nù lórí bọ́gì ní ìgbà àkọ́kọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gidi. Aṣọ tó nípọn bíi tapólì tàbí ti ìgbànú ọkọ̀ ló dára fún àga.

Ní iwájú, páìpù ìdarí, ìyẹn ilé tí ọ̀pá orí fọ́ọ̀kì ti ń yí, kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sọ́dọ̀ yín. Ẹ wá fi ojú inú fa ìlà gba àárín rẹ̀ lọ sí ilẹ̀: ìlà náà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, ní nǹkan bí 4 sí 6 cm. Ìyẹn ló ń mú kí táyà máa tọ́ ara rẹ̀ padà, bí ẹsẹ̀ onítáyà àga ọ́fíìsì ṣe máa ń yí tẹ̀lé ibi tí àga bá ń lọ. Bí ẹ bá ṣe é lódì, ẹsẹ̀ yín á máa bá táyà jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí eré bá sì pọ̀, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yín ló kàn báyìí. Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù tí mo ní fún yín ni pé kí ẹ ya bọ́gì náà lọ́nà tí ojú jíjó tó lè ṣe yín léṣe ò fi ní ju díẹ̀ lọ. Àwọn tó ti gbọ́ iṣẹ́ dáadáa máa ń jó ọ̀pá kúkúrú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti gbé táyà ẹ̀yìn. Ẹ̀yin, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ọ̀pá irin 25 mm kan ṣoṣo tí kò ní ihò nínú, tó gùn láti táyà dé táyà, kí ẹ tì í gba inú páìpù kan tó bá a mu kọjá, kí ẹ sì fi bóòtì dè é. Ara páìpù yẹn ni ẹ máa jó férémù mọ́. Lọ́nà yìí, kò sí ojú jíjó kankan tó di táyà ẹ̀yìn mú. Bí ibì kan bá tilẹ̀ sán, táyà ṣì wà lórí ọ̀pá, ẹ̀yin náà ṣì wà lórí táyà. Ọ̀pá mítà kan rẹ̀ wọn kìlógíráàmù mẹ́rin ó dín díẹ̀. Ìwúwo yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ tó mú wá.

Ní ti iwájú, ibẹ̀ ni mi ò rí ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹra fún ojú jíjó. Ọ̀pá ìdarí ní láti so mọ́ orí fọ́ọ̀kì. Ẹ lo irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 10 mm fún orí fọ́ọ̀kì náà. Ẹ má gbé ọ̀pá lé orí irin yẹn kí ẹ wá jó etí rẹ̀ yíká, nítorí gbogbo ìwúwo yín á wà lọ́wọ́ ojú jíjó kan ṣoṣo. Ẹ lu ihò sí i, kí ọ̀pá gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ jó o lókè, kí ẹ sì jó o nísàlẹ̀. Kí ojú jíjó tó já, ọ̀pá ní láti kọ́kọ́ ya irin náà, ìyẹn kò sì rọrùn.

Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rù gbọ́dọ̀ ti bà yín kò ju mẹ́ta lọ: orí fọ́ọ̀kì, ibi tí páìpù àárín (èyí tó so iwájú bọ́gì mọ́ ẹ̀yìn) ti pàdé ilé ọ̀pá ìdarí, àti ibi tí páìpù àárín yẹn ti pàdé páìpù ẹ̀yìn tí ọ̀pá 25 mm gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyókù, bí irin ẹ̀gbẹ́ àga, bí ó bá sán, ẹ máa gbọ́, ẹ máa dúró, ẹ máa tún un jó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ gé páìpù kan náà tí ẹ fẹ́ lò sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ṣe ìdánwò mẹ́wàá, ó kéré tán: ọ̀kan dùbúlẹ̀, èkejì dúró lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu páìpù tó máa pàdé ẹ̀gbẹ́ òmíràn gbọ́dọ̀ rí bí ẹnu ẹja tó là, kó lè gbá a mọ́ra yíká. Ẹ fi ìwé wé páìpù, kí ẹ ya ìlà náà sórí ìwé, kí ẹ gé e, kí ẹ wá fi fáìlì tán an. Bí ẹ bá gbé wọn pọ̀ tí ẹ rí àlàfo tó ju mìlímítà kan lọ, ẹ tún fáìlì mú. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti fi ẹlẹ́tíródù dí àlàfo. Ohun tó bá dí àlàfo ti ń gbé ẹrù tí kò yẹ kó gbé.

Fún irin 3 mm, ẹlẹ́tíródù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6013, oní 2.5 mm, tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 70 ámpù, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ lórí irin ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹlẹ́tíródù súnmọ́ irin. Àyè tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju bí irin inú ẹlẹ́tíródù ṣe nípọn lọ. Bí iná bá kéré, ojú jíjó á dùbúlẹ̀ sórí irin bí okùn tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ lè rí etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó lè lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kò wọnú. Bí iná bá pọ̀ jù, ó máa jẹ etí irin bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì, ibi tó jẹ yẹn ni irin á ti ya lẹ́yìn ọ̀la. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tí etí rẹ̀ rìn wọ inú irin láìsí ìpele. Ní ti orí fọ́ọ̀kì oní 10 mm, ẹlẹ́tíródù 2.5 mm kò lè gbóná tó. Ẹ lo 3.2 mm ní nǹkan bí 110 sí 130 ámpù, kí ẹ fi iná gáàsì mú irin náà lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa kọjú iná sí irin tó nípọn ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ.

Ìdánwò gan-an ni ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn tí ó bá tutù. Ẹ gbé irin sínú fáìsì, kí ẹ fi òòlù lu èyí tó dúró láti ẹ̀yìn ojú jíjó, kí ìdí rẹ̀ lè ṣí. Ẹ lù ú títí nǹkan kan yóò fi ṣẹlẹ̀. Bí páìpù bá tẹ̀, tó wó pálapàla, tí ojú jíjó sì wà níbẹ̀ láìmira, ọwọ́ yín ti ń bọ̀. Bí ojú jíjó bá ṣí kúrò lára irin bí èèpo ọsàn, tí irin abẹ́ rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí ẹ rà á, wọn ò dàpọ̀ rárá. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú nínú rẹ̀, ìdàrọ́ ni, ìyẹn èérí tó máa ń bo ojú jíjó, ó há sínú nítorí ẹ kò lu u kúrò dáadáa kí ẹ tó tún jó lé e. Ẹ fi ayùn irin la méjì nínú wọn gba àárín ojú jíjó kọjá, kí ẹ fi fáìlì dán ojú rẹ̀, kí ẹ wo inú. Oṣù mẹ́rin kò kéré jù láti dé ibi tí páìpù ń tẹ̀ kí ojú jíjó tó já. Mo ti rí ẹni tó débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé gbogbo ohun tó jó ló ń fọ́ láti wo inú rẹ̀.

Bí irin bá ti ń tutù ni ó ń fà. Ẹni tó bá jó ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá kó tó lọ sí èkejì máa rí i pé bọ́gì òun wọ́. Ẹ de gbogbo rẹ̀ mọ́ orí pátákó tó tẹ́jú, kí ẹ fi ojú jíjó kéékèèké bí ẹ̀kán omi mú gbogbo oríkèé, kí ẹ wá fi téèpù wọn láti àárín iwájú dé ìpẹ̀kun ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 3 mm lọ. Ẹ fi ọ̀pá 25 mm yẹn sílẹ̀ nínú páìpù rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń jó o, kó lè mú un tọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ gbogbo bíárìn kúrò: ooru ń ba gíríìsì àti rọ́bà wọn jẹ́, iná ẹ̀rọ tó bá sì gba inú wọn kọjá ń dá ihò wẹ́wẹ́ sára bọ́ọ̀lù wọn. Oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ jó ìdá kan, kí ẹ bọ́ sí òdìkejì rẹ̀. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti dánu dúró ni ó máa ń rẹlẹ̀ jù nínú ojú jíjó, nítorí náà ẹ fi wọ́n sí ibi tí ẹrù kò pọ̀ sí. Ní ara páìpù àárín, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù gegele; bí ẹ ṣe ní láti bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agbede òkè àti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní góńgó òkè tàbí ní ìdí ìsàlẹ̀ gan-an.

Ẹ lu ihò 3 mm sí ibi tó fara sin lára páìpù èyíkéyìí tí ẹ máa dí ẹnu rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á wá ọ̀nà àbájáde, ojú jíjó ìkẹyìn yín tó ṣì ń yọ́ ni ó sì máa gbà jáde. Bí omi tàbí òróró bá wà nínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Ẹ má sì fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì nu irin tí ẹ fẹ́ jó: iná ìjórin lè sọ irú èyí tó ní kúlórínì di gáàsì olóró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòjú yín, ẹ lo gíláàsì nọ́ńbà 10 fún iye iná yìí, kí ẹ sì bo ọrùn àti apá yín. Ẹni tí iná ìjórin bá ti ta sí lójú rí mọ irú òru tó lò, bí ẹni tí wọ́n bu iyanrìn sí lójú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó o tán, ẹ má fi gíríńdà lọ ojú jíjó pẹlẹbẹ kó lè dán. Irin tí ẹ lọ kúrò yẹn wà lára ohun tó ń gbé yín. Ẹ lu ìdàrọ́ kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun. Funfun ni mo sọ, nítorí pé bí ibì kan bá sán tín-ín-rín, ìlà ìpẹtà pupa á yọ lójú ọ̀dà náà kí ó tó di ohun tó lè já. Ẹ wò ó lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá gùn ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó gan-an, nítorí etí ni irin ti sábà máa ń sán, kì í ṣe àárín.

Kí káìtì tó dé ọ̀rọ̀ náà, ẹ di àpò iyanrìn tó wọn ìlọ́po méjì yín sórí àga, kí ẹ ti bọ́gì náà gba orí gegele díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó sórí rẹ̀, kí ẹni méjì fi okùn fà yín láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú agbára wọn. Ẹ tún wọn gígùn òtún àti òsì. Bí iye náà kò bá yí padà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa afẹ́fẹ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí káìtì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Káìtì tí ẹ ń dì mú pẹ̀lú ẹ̀rín nínú afẹ́fẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá lè wọ́ yín lọ nínú ti mítà 10. Bí ẹ bá sì mú káìtì náà sáré kọjá níwájú yín, afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń bá pàdé yára ju èyí tó ń fẹ́ lọ, agbára á sì tún fò sókè. Káìtì olókùn mẹ́rin tó fẹ̀ tó 2.5 sí 3 mítà oníhà mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí kò ju mítà 5 sí 7 lọ. Ẹ kọ́ ọ ní ìdúró fún ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ tó jókòó sínú bọ́gì. Ẹ má so ara yín mọ́ okùn káìtì láé ní ìgbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ. Okùn ọrùn ọwọ́ nìkan ni kí ẹ lò, irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ju ọwọ́ ìdìmú káìtì sílẹ̀, okùn bíréèkì káìtì (èyí tó so mọ́ etí ẹ̀yìn rẹ̀) ni á fà, káìtì á sì wó lulẹ̀. Ẹ dé akoto. Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tí kò sí wáyà iná, ojú ọ̀nà tàbí ènìyàn níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ; okùn tó le lè la ara bí ọ̀bẹ.

Bọ́gì kò ní bíréèkì, mo ti sọ ọ́. Láti dúró, ẹ mú káìtì lọ sí etí ibi tí kò ti lágbára mọ́, kí ẹ sì darí táyà iwájú kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ láti dúró. Bọ́gì á gun ẹsẹ̀ yẹn láti ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì kọlu ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ìtẹ̀sẹ̀ yín gbọ́dọ̀ ní okùn tàbí etí irin tó ń dá ẹsẹ̀ dúró kó má bàa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí gegele. Ẹ fi ìyẹn sára fọ́ọ̀kì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìdánwò mẹ́wàá yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹ bá ti la wọn, ẹ ya àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gé irin bọ́gì. Inú wọn ni kí ẹ yà, mi ò nílò ti òde.